Odò Ọya àti Iná Ilé Wa: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Kainji

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwa ọmọ Yorùbá tí a tẹ̀dó sí Ìpínlẹ̀ Niger kò gbọdọ̀ gbàgbé ibi tí iná mànàmáná Nàìjíríà ti ṣàn wá. Odò Ọya tí a máa ń rékọjá ní Jẹ́bà bí a bá ń lọ ṣọdún nílé ni. Lóde òní, àwọn ènìyàn ń jiyàn bóyá orílẹ̀-èdè kan lè tan iná ara rẹ̀ láìsun epo rọ̀bì, gáàsì tàbí èédú. Ìtàn dáàmù Kainji ní ìdáhùn fún wa.

Kí Kainji tó dé, èédú tí wọ́n ń wà ní Enugu wà lára ohun pàtàkì tí a fi ń tanná. Ní 1962, ìjọba dá àjọ Niger Dams Authority sílẹ̀. Ní 1964, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kainji. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, iṣẹ́ èédú dúró, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dáàmù ń lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1969, tí ogun kò tíì parí, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí i. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni omi kọ́kọ́ ń yí. Nígbà tó yá wọ́n di mẹ́jọ, àpapọ̀ agbára wọn sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 760. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, omi ló ń tan èyí tó pọ̀ jù nínú iná Nàìjíríà. Ohun tí àwọn kan ń pè ní àlá lónìí, a ti fojú rí i rí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ló san owó rẹ̀. Omi bo Bussa àtijọ́, ìlú tí Mungo Park kú sí ìtòsí rẹ̀ ní 1806. Nǹkan bí ènìyàn 44,000 ló kó kúrò nílé àti lóko. Àwa náà kó ẹrù wá síbí, ṣùgbọ́n a lè padà lọ wo ibojì bàbá wa. Tiwọn wà lábẹ́ omi.

Ẹ jẹ́ ká rántí pẹ̀lú pé Odò Ọya kì í ṣe tiwa nìkan. Guinea ló ti ń bọ̀, ó gba Mali àti orílẹ̀-èdè Niger kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ọ̀dá mú ilẹ̀ Sahel ní àwọn ọdún 1970, omi rẹ̀ fà. Orílẹ̀-èdè Niger náà ti ń ra iná lọ́wọ́ wa láti àwọn ọdún 1970. Ní 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀, Nàìjíríà pa iná náà fún oṣù mélòó kan, òkùnkùn sì bá Niamey. Ẹni tí iná rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò kò tíì dá dúró.

Gáàsì ńkọ́? Tiwa ni, òun ló sì ń tan èyí tó pọ̀ jù nínú iná wa báyìí. Síbẹ̀, bí páìpù bá bẹ́, ilé wa a ṣókùnkùn. Nígbà tó di àwọn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Kainji fúnra wọn ti dákẹ́ nítorí àìtọ́jú. Bí a bá ní nǹkan tí a kò tọ́jú rẹ̀, bí ẹni tí kò ní la rí.

Èrò tiwa nìyí: orílẹ̀-èdè lè tan iná ara rẹ̀ láìsun epo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ àti ọ̀kadà wa yóò ṣì máa mu bẹntiróòlù fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kó má ṣe gbára lé odò kan ṣoṣo. Kó lo omi, kó lo oòrùn tó pọ̀ ní apá Àríwá yìí, kó tọ́jú ẹ̀rọ, kó sì san ẹ̀tọ́ àwọn tó fi ilé wọn sílẹ̀ kí iná lè tàn.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí òkùnkùn jọba nílé wa. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.