Adìẹ Arúpẹ̀

Adìẹ arúpẹ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ń pe adìẹ ìbílẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tàbí tí gbogbo ara rẹ̀ kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a sì máa ń rí láàárín agbo adìẹ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Òun pẹ̀lú abọ́lọ́rùn, tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, àti òpìpì, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó nǹkan, ni àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn máa ń kà mọ́ adìẹ ìbílẹ̀ tí ìrísí wọn ṣàrà ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá rí i lè pè é ní bántámù, ìyẹn adìẹ kékeré tí wọ́n ń sìn fún ẹwà, tó gba orúkọ rẹ̀ lára èbúté Banten ní erékùṣù Jáfà ní Indonéṣíà. Ṣùgbọ́n bántámù ní òṣùwọ̀n tí ẹgbẹ́ àwọn olùsìn fọwọ́ sí, wọ́n sì ń gbé e lọ síbi ìdíje, nígbà tí arúpẹ̀ kàn ń yọ láàárín ọmọ ìyá kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣà á lẹ́ṣà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn olùwádìí Nàìjíríà pín adìẹ ìbílẹ̀ sí. Èyí tó wúwo ni wọ́n ń pè ní ti Fúlàní, adìẹ ilẹ̀ ọ̀dàn, tí ìwọ̀n àgbà rẹ̀ jẹ́ láti 0.9 dé 2.5 kílógíráàmù, èyí tó fúyẹ́ ni wọ́n ń pè ní ti Yorùbá, adìẹ ilẹ̀ igbó, tí kò ju 0.68 sí 1.5 kílógíráàmù lọ. Òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà fún bántámù ilẹ̀ Japan, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Chabo, jẹ́ nǹkan bí 740 gíráàmù fún àkùkọ àti 620 fún àgbébọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé adìẹ igbó tó fúyẹ́ jù lọ, tí kò sì jẹ́ arúpẹ̀ rárá, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju bántámù lọ lórí òṣùwọ̀n. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìwọ̀n nìkan.

Ohun tó ń sọ adìẹ di kúkúrú kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni jíìnì, ìyẹn àmì àjogúnbá tí òbí ń gbé fún ọmọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Creeper, tí àwọn olùwádìí Landauer àti Dunn kọ̀wé lé lórí ní 1930. Egungun itan àti ti ojúgun ni ó ń kúrú, ara tó kù sì ń tóbi bó ṣe yẹ, débi pé ikùn adìẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá ti tó láti mú ẹsẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gba ẹ̀dà méjì kì í yè: inú ẹyin ló ń kú sí, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sàba. Bí akọ àti abo ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú bá gun ara wọn, nínú ẹyin méjìlá tó lẹ́mìí, bí mẹ́ta ni yóò kú, mẹ́fà yóò kúrú lẹ́sẹ̀, mẹ́ta yóò sì gùn bí adìẹ yòókù. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí agbo Chabo, tó ń gbé jíìnì yìí, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ kúrú lẹ́sẹ̀, bó ti wù kó ṣà wọ́n tó. Ní 2016 ni àwọn olùwádìí kan ní Ṣáínà, tí wọ́n lo bántámù Xingyi, fi hàn pé apá kan tó já kúrò lára àmì àjogúnbá náà, èyí tó gbé jíìnì IHH tó ń darí ìdàgbà egungun lọ, ló fa ẹsẹ̀ kúkúrú yìí.

Èkejì ni jíìnì tí wọ́n ń kọ ní dw, tí olùwádìí Hutt ṣàlàyé ní 1959. Èyí kì í pa ọmọ inú ẹyin. Ó kàn ń dí ọ̀nà iṣẹ́ omi ara tó ń mú ara dàgbà, tí àgbébọ̀ fi ń fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ti àkùkọ sì tún ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó ń gbà ràn kò dọ́gba láàárín akọ àti abo: ẹ̀dà kan péré ni abo lè ní, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló sì ti ń gbà á, àmọ́ akọ gbọ́dọ̀ gba méjì kí ó tó kéré. Bí àkùkọ arúpẹ̀ irú èyí bá gun àgbébọ̀ tí ara rẹ̀ pé, gbogbo ọmọbìnrin yóò jẹ́ arúpẹ̀, kò sì ní sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí yóò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Faransé rí èrè níbẹ̀: wọ́n fi dw ṣe ìyá adìẹ ẹlẹ́ran tí wọ́n pè ní Vedette, tí kì í jẹun púpọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sanra nítorí pé bàbá wọn kò ní jíìnì náà.

Bí arúpẹ̀ ṣe dé ilẹ̀ yìí jẹ́ ohun tí àríyànjiyàn wà lé lórí. Èrò kan ni pé àwọn bántámù tí ọkọ̀ ojú omi kó wá sí etíkun ló da ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ ti adìẹ ìbílẹ̀. Èrò kejì ni pé ìyípadà àbùdá lè ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú agbo èyíkéyìí, kí ó sì dúró síbẹ̀ níwọ̀n bí kò bá ti pa ẹran. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ fún adìẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé Creeper àti dw kò ní láti gba ọ̀nà kan náà wọlé, ojú lásán kò sì tó láti fi yanjú rẹ̀.

Ẹyin arúpẹ̀ dw kéré ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ti ìsìn, òjò ìlú Benin, ní ilẹ̀ igbó Nàìjíríà, tó máa ń ju 2,000 mílímítà lọ lọ́dún, kò bá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú lára mu, nítorí pé ẹrẹ̀ ń mú ìyẹ́ ikùn rẹ̀ tutù; bẹ́ẹ̀ ni kò lè sáré tó èyí tó gùn nígbà tí àṣá bá já wálẹ̀. Àgò tó gbẹ ló dára fún un. Oúnjẹ tí arúpẹ̀ dw ń jẹ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀, àǹfààní tí kò kéré níbi tí àgbàdo bá wọ́n.

Ní Japan, ìjọba fi Chabo sí ara ohun àjogúnbá ìṣẹ̀dá tí òfin ń dáàbò bò ní 1941. Ní Benin, idẹ ni adìẹ ẹ̀ṣọ́ ti gbajúmọ̀ jù: àkùkọ tí àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ rọ fún ojúbọ àwọn Ìyọba, ìyẹn ìyá Ọba, tí wọ́n fín ìyẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan lára àwọn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897, tí wọ́n ń pè ní Okukur, ni wọ́n ta lọ́rẹ fún Jesus College ní Cambridge ní 1905. Ilé ẹ̀kọ́ náà sì dá a padà fún Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, 2021.