Oorun, Ìran àti Àìsàn Ọpọlọ: Ìtàn Ìmọ̀ Kan Láti Ìlú Jena

Ọdún 1919 ni Hans Berger di olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yunifásítì Jena ní ilẹ̀ Jámánì, ohun tí ó sì gbà á lọ́kàn ni bóyá iná mànàmáná tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ṣeé kọ sílẹ̀ láì la agbárí. Ní oṣù Keje ọdún 1924, ó ṣàyẹ̀wò ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan tí iṣẹ́ abẹ ti dá àlàfo sí egungun agbárí rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́kọ́ rí ìgbì iná náà. Lẹ́yìn èyí, ó so wáyà mọ́ orí Klaus, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ tíntín ṣe ń fa ìlà sórí bébà fọ́tò tí ń yí lọ, tí ìlà náà sì ń yí padà bí ọmọ náà bá dijú tàbí tí ó lajú. Ọdún márùn-ún ni ó fi pa àwárí yìí mọ́ra kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929.

Apá kejì ìtàn Jena burú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń yin Berger fò ó. Ní 1933, ìjọba Násì ṣe òfin pé kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sọ àwọn tí wọ́n kà sí alárùn ìdílé di ẹni tí kò ní lè bímọ mọ́, schizophrenia sì wà lára àwọn àrùn tí òfin náà dárúkọ, ìyẹn àìsàn tí ẹni tó ní i lè máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ, tí ìrònú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ so pọ̀ mọ́. Berger fúnra rẹ̀ jókòó nínú ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Jena. Lápapọ̀, àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún lábẹ́ òfin yìí tó nǹkan bí 400,000. Ohun tó dunni jù ni pé Ernst Rüdin, ọ̀kan lára àwọn tó ṣàlàyé òfin náà fún àwọn adájọ́, ti rí i nínú ìwádìí tirẹ̀ ní 1916 pé, bí òbí méjèèjì kò bá ní àrùn náà, àwọn ọmọ ìyá aláìsàn tí ó ń ṣe kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀ka ìmọ̀ nípa oorun gba ọ̀nà mìíràn. Alfred Loomis, olówó kan tó dá ilé ìwádìí sílẹ̀ ní Tuxedo Park ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìgbì ọpọlọ àwọn tó ń sùn sílẹ̀, ní 1935 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣàpèjúwe ìgbì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní spindle: ìgbì yíyára tí ń gbọn ní nǹkan bí ìgbà 12 sí 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ó ń ga díẹ̀díẹ̀, tí ó sì tún ń rọlẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá méjì tó pé. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ṣàwárí oorun tí ojú ti máa ń yí kíákíá, nínú èyí tí àlá pọ̀ sí. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé wèrè jẹ́ àlá tó ya wọ ojúmọmọ, William Dement lọ wo oorun àwọn tó ní schizophrenia ní ilé ìwòsàn Manteno, ó sì jábọ̀ ní 1955 pé ojú tiwọn náà ń yí lójú oorun gẹ́gẹ́ bí ti àwọn ẹlòmíràn.

Nínú spindle ni ìyàtọ̀ ti wá hàn. Ní 2007, Fabio Ferrarelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin fi hàn pé ìgbì yìí dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó ní schizophrenia, àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sì rí irú àdínkù kan náà lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì lo oògùn àti lára àwọn ẹbí wọn tí ara wọn dá, èyí tó jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe oògùn nìkan ló fà á. Inú thalamus, ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn ọpọlọ, ni ìgbì náà ti ń jáde wá, ó sì ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti fi ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án pamọ́.

Àwọn onímọ̀ jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí ọmọ ń jogún láti ọ̀dọ̀ òbí, ni wọ́n so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Olùwádìí méjì, Gottesman àti Shields, ti dábàá ní 1967 pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré, ló ń kóra jọ fa ewu àrùn náà, àjọṣepọ̀ àwọn olùwádìí káàkiri àgbáyé sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2014 nígbà tí wọ́n rí ibi 108 nínú àpapọ̀ jíìnì ènìyàn tó kan ọ̀ràn náà. Ọ̀kan nínú wọn ni CACNA1I, tí ń ṣe ẹnu ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì inú thalamus. Àwọn eku tí kò ní ẹnu ọ̀nà yìí kì í ní spindle tó pé. Síbẹ̀, ọ̀ràn náà kò tọ́ bí ọ̀pá: lára àwọn ọ̀dọ́ tí apá kékeré kan ti sọnù nínú kúrómósómù 22 wọn, tí bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn lè ní schizophrenia tó bá yá, ńṣe ni spindle ga ju ti ọmọ ìyá wọn lọ.

Ohun tí àwọn adájọ́ Jena pè ní àyànmọ́ inú ẹ̀jẹ̀ kò rí bí wọ́n ti pè é, nítorí pé bí ìbejì kan nínú àwọn tó jáde láti inú ẹyin kan ṣoṣo bá tilẹ̀ ní àrùn náà, ìdajì lásán tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni ìṣeéṣe pé èkejì yóò ní i. Ọdún 1998 ni ilé aṣòfin Jámánì tó fagi lé ìdájọ́ àwọn ilé ẹjọ́ náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ti kú láìbímọ.