Ilojo Bar

Ilojo Bar (tí a tún mọ̀ sí Casa do Fernandez tàbí Ilé Ọláìyá) jẹ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí ó wà ní ìtòsí Gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní ọdún 2016. Èkó ni ilé náà wà, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ìkọ́lé àti ọnà rẹ̀

Ìdílé Fernandez, tí ó wà lára àwọn tí wọ́n padà dé láti Gúúsù Amẹ́ríkà lẹ́yìn oko ẹrú, ni ó kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Àgùdà ni àwọn ará Èkó ń pe àwọn tí wọ́n ti Brazil dé. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ láàárín wọn. Àwọn ni wọ́n mú ọnà ìkọ́lé Baroque, tí àwọn Potogí ti gbé lọ sí Brazil, wá sí Èkó. A rí àmì ọnà náà lára ilé yìí: ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, àti ọnà tí a fi símẹ́ńtì ṣe sí ara ògiri.

Àwọn onílé

Ní ọdún 1933, Alfred Ọmọlọ́nà Ọláìyá, ọmọ bíbí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ra ilé náà. Ó sọ ọ́ ní Ilojo láti fi bu ọlá fún ìdílé olóyè Ilojo ní ìlú rẹ̀. Victor Ọláìyá (1930–2020), ìlúmọ̀ọ́ká olórin highlife, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìdáàbòbò àti ìwólulẹ̀

Ní ọdún 1956, ìjọba kéde Ilojo Bar gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìkéde yìí kò gba ilé lọ́wọ́ onílé, ṣùgbọ́n òfin kà á léèwọ̀ láti wó irú ilé bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì fa awuyewuye káàkiri Nàìjíríà. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ṣì dúró ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà. Ní ti Ilojo Bar, ìkéde ọgọ́ta ọdún kò tó láti dá a sí.