Ẹlẹ́yẹlé, Kí Ilé Ìkàwé Tó Kó Lọ

Ẹni tó bá dé ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó rí ògiri oníhò wẹẹrẹ tí Maxwell Fry àti Jane Drew fi sí i kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, lè rò pé ibẹ̀ ni ìtàn ilé ìkàwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1954 ni wọ́n ṣí ilé yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn kan náà ni àwọn ìwé wà, nínú ọgbà ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ fún àwọn sójà nígbà ogun Hítílà. Lójú tèmi, Ẹlẹ́yẹlé ni ilé ìkàwé náà ti di ilé ìkàwé. Ilé tuntun kàn gbà á lálejò ni.

Ẹrù tí wọ́n kó ló jẹ́rìí sí i. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì, tó di Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ló ní, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábà sì ni púpọ̀ wọn ti wá, tàwọn tìwé wọn. Ṣùgbọ́n ìwé Henry Carr ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Carr, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1863, tó ṣe alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kó tó di Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ra ìwé. Nígbà tó kú ní 1945, ìwé tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àpò ènìyàn kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ọlọ́jà ńlá, ló bí wọn! John Harris, ará New Zealand tó wá ṣe olórí ilé ìkàwé náà ní 1948, kò bá pẹpẹ òfìfo.

Ní 1950, tí àwọn ìwé náà ṣì wà ní Ẹlẹ́yẹlé, òfin dé pé ẹni tó bá tẹ ìwé ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Èyí gan-an ni mo kà sí ìpìlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìwé pélébé lórí ìtàn ìlú, èyí tí olùkọ́ tàbí àlùfáà kan fowó ara rẹ̀ tẹ̀, ti ní ibi tí yóò sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé Òyìnbó.

Ẹnìkan lè ní ilé aláìsàn kì í ṣe ilé ìwé, pé kò yẹ ká máa ṣàárò rẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé tuntun dára jù ú lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí afẹ́fẹ́. Àtakò tó wúwo jù ni pé ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ti gbogbo ayé, pé àgbẹ̀ Ajilete kò lè wọ ibẹ̀ lọ yá ìwé. Kò lè yá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n owó ìlú ni wọ́n fi ra ìwé Carr, òfin ìlú ló sì ń kó ìwé tuntun wá. Kí a tó mọ ẹni tó ni ilé ìkàwé, ó yẹ ká béèrè ẹni tí ìtàn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ní káàdì nìkan.

Ìtàn irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà sì rí ibi sùn sí ní Ìbàdàn. Ní 1951, Kenneth Dike fúnra rẹ̀, onímọ̀ ìtàn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkọsílẹ̀ ìjọba tó ń jẹrà nínú ọ́fíìsì káàkiri, iṣẹ́ tó di Ilé Àkójọ Ìwé Ìjọba Àpapọ̀ lẹ́yìn náà. Ìwé ọ́fíìsì Ìláròó wà lára ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ikán. Nígbà tí A. I. Asíwájú, onímọ̀ ìtàn ọmọ Ìmẹ̀kọ, fẹ́ kọ bí Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe la ilẹ̀ Yorùbá ti ìwọ̀-oòrùn sí méjì láti 1889 dé 1945, ìwé tó jáde ní 1976, Ìbàdàn wà lára ibi tó lọ tú ìwé wò.