Brókólì Tó Ń Kọjá Níwájú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tòní jọ ọ̀rọ̀ oko, àmọ́ ìtàn ni. Ṣé brókólì lè ṣe dáadáa ní Mowé, Ìbàfo tàbí Ifọ̀? Àbúrò mi kan ní pulọ́ọ̀tì ní Mowé, ó sì fẹ́ kó gbogbo owó àjọ tó gbà lé e lórí. Ìdí tí mo fi ń wádìí nìyẹn.

Ítálì ni ewébẹ̀ yìí ti gbajúmọ̀. Nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, asparagus àwọn ará Ítálì ni àwọn kan ń pè é. Ní àwọn ọdún 1920, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń jẹ́ D'Arrigo, tí wọ́n ṣí láti Sísílì wá sí Amẹ́ríkà, gbìn ín ní California, wọ́n to yìnyín sí i, wọ́n sì fi rélùwéè gbé e lọ sí Boston. Ẹ kíyè sí i: ibi tí ojú ọjọ́ bá a lára mu ni wọ́n gbìn ín sí, ọkọ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Tiwa náà fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Rélùwéè Èkó tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, Ifọ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Ní 1927, ẹ̀ka kan láti Kafanchan dé Jos. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, òru ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó tó wá wa tánganran ti rí ilẹ̀ tó gba pòtétò àti kábéèjì wọn. Títí dòní, láti Jos ni ọ̀pọ̀ ewébẹ̀ ilẹ̀ tútù tó ń dé Mile 12 ti ń wá. Ẹ wá rò ó: márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gba Mowé àti Ìbàfo kọjá. Ọjà náà ń kọjá níwájú ilé wa!

Kí ló dé tí a ò kàn gbìn ín síbí? Ooru ni. Brókólì fẹ́ràn nǹkan bí 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ewé rẹ̀ lè hù yọ̀yọ̀ nínú oòrùn wa, kó máa tan ẹni tó gbìn ín jẹ. Orí rẹ̀ ni wàhálà. Thomas Björkman ní Yunifásítì Cornell fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kan wà, nígbà tí orí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, tí ooru lè bà á jẹ́, tí yóò wá rí gbágungbàgun. Ojú ò tíì lè rí orí náà dáadáa nígbà yẹn.

Nítorí náà, mo sọ fún àbúrò mi pé kó dá owó àjọ náà padà sí báńkì. Àádọ́ta igi ni kó fi dán an wò, irúgbìn tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbígbóná. Kó fọ́n ọn sí nọ́sìrì ní Júùnù, kó fi nǹkan bò ó kí òjò má fọ́ ọ, kó lọ́ ọ ní Júláì, kí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn bọ́ sí Ògọ́ọ̀sì, nígbà tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run tí ọ̀sán wa sì tutù jù lọ́dún. Kó fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Bí orí kò bá dára, ewé àti igi rẹ̀ ṣeé sè bí ẹ̀fọ́. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ ọgọ́rùn-ún igi lòun máa gbìn.