Ẹ̀bìtì Àwọn Baba Wa ní Ìkẹjà àti Agége



Ẹni tó bá wo Ìkẹjà àti Agége lónìí, ilé-iṣẹ́, ilé búrẹ́dì àti ilé ìkẹ́rùsí ni yóò rí. Ṣùgbọ́n igbó àti oko àwọn Àwórì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, Agége ló gbà kọjá. Oko obì àti kòkó gbilẹ̀ níbẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olóko bíi J. K. Coker fi dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907.

Kí ni àgbẹ̀ ayé ìgbà náà fi ń gba ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lẹ́nu òkété àti ọ̀yà? Pańpẹ́ ni, ẹran kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ẹ̀bìtì wà fún eku àti òkété: òkúta pẹlẹbẹ tàbí igi wúwo tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ró, tí a so ẹyìn mọ́ lábẹ́. Bí eku bá ti fa ẹyìn, òkúta á já lé e. Ọ̀yà ní tirẹ̀ fẹ́ràn ojú ọ̀nà tó ti mọ̀. Àgbẹ̀ á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí oko ká, á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, á sì dẹ okùn tí a so mọ́ igi títẹ̀ sójú àlàfo náà. Bí ọ̀yà bá ti ki orí bọ̀ ọ́, igi á ta sókè, okùn á fún. Àtè wà fún ẹyẹ, ọ̀fìn fún ẹran ńlá, ìgèrè fún ẹja. Alágbẹ̀dẹ náà sì ń rọ tàkúté onírin ẹlẹ́yín.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé, ẹ̀bìtì tí kò peku, kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Ẹni tó dẹ pańpẹ́ ní láti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá mú nǹkan, kó ṣí i nípò.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ apá kan Ìkẹjà di àgbègbè ilé-iṣẹ́. Igbó lọ, ọ̀yà lọ, ṣùgbọ́n eku kò lọ. Ó wà nínú àká wa, nínú ilé gaàrí àti ilé ìyẹ̀fun. Ewu ńlá sì ni. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lásà mọ̀, ní ìlú Lásà ní Borno. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ń gbé e dé inú oúnjẹ wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni májèlé tí a fọ́n sínú àká lè bọ́ sínú gaàrí, ó lè pa adìẹ, ó lè pa ọmọ. Pańpẹ́ kì í ba oúnjẹ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ ṣe bíi ti àwọn baba wa. Ẹ wo ipa ẹsẹ̀ eku lẹ́bàá ògiri, ẹ dẹ pańpẹ́ síbẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku: ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ de oúnjẹ mọ́ inú ohun tó ní ìdérí. Ẹgbẹ́ tó ní àká kan náà lè dáwó ra pańpẹ́ pọ̀, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó o.

Eku kò ní jẹ ìkórè wa.