Léèsì Àtijọ́: Ọrọ̀ tó Gúnlẹ̀ sí Èkó

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn: ajé ti gúnlẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀. Ìtòsí rẹ̀ ni èbúté Àpápá wà, níbi tí ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ńlá ní ọdún 1921. Ọ̀kan lára ọrọ̀ òkèèrè tó sọ Èkó di ìlú afẹ́ ni léèsì.

Orúkọ aṣọ yìí lè ṣini lọ́nà. Léèsì ayé àtijọ́ ní Yúróòpù jẹ́ òwú lásán tí wọ́n fi ọwọ́ ta di ọnà. Èyí tí Yorùbá ń pè ní léèsì jẹ́ aṣọ tí ẹ̀rọ kó iṣẹ́ ọnà sí lára, tó sì máa ń ní ihò wínníwínní. Láti nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Lustenau ní orílẹ̀-èdè Austria. Àwọn oníṣòwò láti Nàìjíríà, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ń rìnrìn àjò débẹ̀ lọ yan àwọ̀ àti ọnà. Ohun tó wu ojú Èkó ni ẹ̀rọ òyìnbó ń ṣe.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ya wọ̀lú lẹ́yìn ọdún 1970, léèsì gba òde kan. Òun ni aṣọ ẹbí. Òun ni wọ́n ń fi gèlè, ìpèlé àti iyùn gbé lárugẹ. Ìjọba ológun fi òfin de kíkó o wọlé, kí owó ilẹ̀ òkèèrè má baà ṣòfò, kí ilé iṣẹ́ aṣọ abẹ́lé sì lè rí ààyè mí. Òfin náà kò pa ìfẹ́ rẹ̀. Àwọn onífàyàwọ́ ń gba Kútọnu kó o wọlé.

Ní ọdún 2010, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna pàtẹ ìtàn léèsì yìí; ní ọdún 2011, ìpàtẹ náà dé Èkó. Òyìnbó mọ̀ pé ìtàn ni. Nínú ilé, ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ń fi léèsì ìyá wọn tọrẹ bí aṣọ tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá, láìbéèrè ọjọ́ tí ìyá rà á àti òde tó fi lọ.

Àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá da àkísà yẹn nù láìbéèrè ìtàn rẹ̀, ogún ló dà nù.